Ìtọ́ni Kíkọ fún Ẹ̀rọ Ọgbọ́n Àtọwọ́dá: Àpẹẹrẹ Aṣojú Adójútòfò ní Port Harcourt

Ìtọ́ni ni ọ̀rọ̀ tí ènìyàn tẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá, bíi ChatGPT tàbí Gemini, láti sọ iṣẹ́ tí ó fẹ́ kí ó ṣe. Yorùbá ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí; bí ó bá dé inú rẹ̀, yóò di odindi. Ẹ̀rọ náà a máa sọ ààbọ̀ ọ̀rọ̀ di odindi bákan náà, ṣùgbọ́n ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún un ni ó lè fi dí àlàfo. Nínú iṣẹ́ adójútòfò, àlàfo bẹ́ẹ̀ léwu, nítorí ohun tí ó wà nínú ìwé àdéhùn nìkan ni ilé-iṣẹ́ ń san owó lé lórí.

Bí àpẹẹrẹ, aṣojú kan fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ọlọ́kọ̀ ní Diobu àti Trans-Amadi, ó sì tẹ̀ ẹ́ pé: "Kọ ìpolówó adójútòfò ọkọ̀." Ẹ̀rọ kò mọ irú adójútòfò tí ó ń tà. Ó lè kọ ọ́ pé bí àgbàrá bá ba ọkọ̀ jẹ́, ilé-iṣẹ́ yóò tún un ṣe. Bẹ́ẹ̀, adójútòfò ẹnìkẹta, èyí tí òfin sọ di dandan fún ọkọ̀, kò sí fún ọkọ̀ ẹni tí ó rà á. Ní ìlú tí òjò pọ̀ bíi Port Harcourt, ẹni tí ó gba irú ìlérí bẹ́ẹ̀ gbọ́ yóò padà sílé lọ́wọ́ òfo.

Láti oṣù kìíní ọdún 2023, Àjọ NAICOM, tí ó ń ṣàkóso iṣẹ́ adójútòfò, ti fi owó adójútòfò ẹnìkẹta fún ọkọ̀ àdáni sí ₦15,000 lọ́dún. Ìtọ́ni tí ó péye yóò gbé irú òtítọ́ yìí lé ẹ̀rọ lọ́wọ́:

"Ìwọ ni aṣojú adójútòfò ní Port Harcourt. Fi Píjìn tí ó rọrùn kọ ọ̀rọ̀ WhatsApp tí kò ju 80 ọ̀rọ̀ lọ sí ọlọ́kọ̀ àdáni tí kò ra adójútòfò rí. Adójútòfò ẹnìkẹta ni à ń tà, ₦15,000 lọ́dún. Ó ń san owó ohun ìní ẹlòmíràn tí ọkọ̀ náà bá bà jẹ́, kò kọjá ₦3,000,000. Kì í tún ọkọ̀ oníbàárà fúnra rẹ̀ ṣe. Sọ èyí kedere. Má ṣe fi ìlérí mìíràn kún un. Bí ohun kan kò bá yé ọ, bi mí kí o tó kọ."

Gbólóhùn méjì àkọ́kọ́ sọ ẹni tí ń sọ̀rọ̀, ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ àti bí ọ̀rọ̀ yóò ti gùn tó. Àwọn tí ó tẹ̀lé e gbé òtítọ́ kalẹ̀. Gbólóhùn ìyísódì, "kì í" àti "má ṣe", ni ó di ojú àlàfo, ìyẹn gan-an ni àwọn tí ń kọ ìtọ́ni sábà máa ń gbàgbé.

Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 ń dáàbò bo ìròyìn oníbàárà. Nítorí náà, kí aṣojú má tẹ orúkọ, nọ́ńbà fóònù tàbí ọ̀rọ̀ àìsàn ẹnikẹ́ni sí ẹ̀rọ. "Oníbàárà A" ti tó. Lẹ́yìn èyí, kí ó fi èsì wé ìwé àdéhùn ní ìlà kọ̀ọ̀kan kí ó tó fi ránṣẹ́, nítorí òun ni oníbàárà yóò dì mú, kì í ṣe ẹ̀rọ.