Ṣé o mọ̀? Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún kíláàsì lítíréṣọ̀

Ìwọ tó ń kọ́ lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́, ka èyí:

• The Lion and the Jewel, eré Wọlé Ṣóyínká, wà lára ìwé tí WAEC yàn fún 2021 sí 2025. Nígbà tí Lákúnlé, tíṣà inú eré náà, ń bu ẹnu àtẹ́ lu owó orí ìyàwó, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ńláńlá ló ń tò léra. Ó ní ìwé atúmọ̀ èdè kékeré ló wà lọ́wọ́ òun, òun sì ti ránṣẹ́ ra èyí tó tóbi.

• Ní January 2020, Oxford English Dictionary gba ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ilẹ̀ Nàìjíríà 29 wọlé. Danfó, bùkà àti tòkunbọ̀ wà níbẹ̀.

• Samuel Àjàyí Crowther ti tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá jáde ní 1843.

• Hermann Ebbinghaus, ará Jámánì, fi ara rẹ̀ ṣe ìwádìí lórí ìgbàgbé. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 1885: kíákíá la máa ń gbàgbé ohun tuntun, àmọ́ àtúnkà tó ní àlàfo láàárín ń jẹ́ kó dúró.

Gbìyànjú èyí: kọ ọ̀rọ̀ tuntun sí apá òsì ojú ìwé, ìtumọ̀ sí apá ọ̀tún, pẹ̀lú gbólóhùn tí o bá a nínú eré. Fi ọwọ́ bo ìtumọ̀, kí o sọ ọ́ látorí. Tún un ṣe lọ́la, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, àti lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan.