Bátìrì Dróònù Nínú Ooru Kebbi
Dróònù kékeré tó ń wá ewé tó ní àìsàn lóko ìrẹsì kì í sábà lò ju 20 sí 30 ìṣẹ́jú lórí bátìrì kan. Kí ó balẹ̀ nígbà tí iná bá ku ìdá 20 nínú 100, kó má baà já sínú àbàtà pẹ̀lú gbogbo àwòrán tó ti yà.

Ooru ló ń ba bátìrì jẹ́ jù. Ní oṣù Kẹrin, ooru Kebbi ń tó 40°C: kò yẹ kí bátìrì wà nínú ọkọ̀ tí a tì, èyí tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀ gbọ́dọ̀ tutù kó tó gba iná. Bí iṣẹ́ bá dáwọ́ dúró títí òjò yóò fi dé, pẹ̀lú bí ìdajì iná ni kí a fi í pamọ́. Èyí tó bá wú ti parí iṣẹ́, bó tilẹ̀ ṣì ń gbé dróònù. Ó lè gbiná.