Ṣé o mọ̀ pé wúrà lè pọ́n bí omi ìsápá?

Ìdánwò tí wọ́n fẹ́ràn láti fi han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ náánò, ìyẹn ìmọ̀ nípa àwọn ohun tíntìntín, káàkiri àgbáyé nìyí. Wọ́n á gbé omi tí iyọ̀ wúrà díẹ̀ wà nínú rẹ̀ ka iná. Bó bá ti ń hó, wọ́n á da iyọ̀ kan tó wá láti ara èròjà kíkan inú ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, omi náà á di pupa yòò! Wúrà náà ṣì ni o. Ó kàn ti di wóró tíntìntín ni, tí ẹyọ kan kò ju bíi náánòmítà 15 lọ, bẹ́ẹ̀ irun orí kan ṣoṣo fẹ̀ tó bíi 80,000. Kíkéré yẹn ló yí ọwọ́ tí wúrà fi ń gba ìmọ́lẹ̀ padà. Michael Faraday ti kọ̀wé nípa irú omi wúrà bẹ́ẹ̀ ní London lọ́dún 1857.

Ti ilé wa gan-an ló wú mi lórí jù. Ní Yunifásítì LAUTECH, Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn onímọ̀ ti fi jàǹkárìwọ̀ àti èèpo kòkó ṣe wóró fàdákà náánò tó ń pa kòkòrò àìfojúrí. Jàǹkárìwọ̀ tí à ń fi ìgbálẹ̀ gbá dànù láràárọ̀!