Ìpínyà-Ọkàn àti Ìfura sí Gíga nínú Yàrá Awakọ̀ Òfúrufú: Àlàyé àti Àbá Ọ̀rọ̀

Nínú ìrìn-àjò ọkọ̀ òfúrufú akérò, ìwọ̀nba ìṣẹ́jú tí ó tẹ̀lé ìgbà tí táyà rẹ̀ kúrò nílẹ̀ wà lára àkókò tí iṣẹ́ ń pọ̀ jù lọ nínú yàrá awakọ̀. Láàrin ìṣẹ́jú wọ̀nyí ni awakọ̀ méjèèjì yóò ká ẹsẹ̀ ọkọ̀ wọlé, tí wọn yóò yí rédíò kúrò lọ́dọ̀ olùdarí pápákọ̀ sọ́dọ̀ olùdarí ojú òfúrufú, tí wọn yóò ka àkọsílẹ̀ àyẹ̀wò, tí wọn yóò sì máa ṣọ́ ìkùukùu tí ó wà níwájú. Nínú gbogbo rẹ̀, ohun kan wà tí wọn kò gbọdọ̀ gbàgbé, èyí ni gíga tí olùdarí ní kí wọ́n dé kí wọ́n sì dúró sí. Ọ̀rọ̀ lórí bí ọkàn ṣe ń kúrò lára ohun kan yìí, àti lórí orúkọ tí ó yẹ kí a pe é ní èdè Yorùbá, ni ó kàn báyìí.

1. Gíga mẹ́ta

Bí a bá sọ pé ọkọ̀ òfúrufú wà ní gíga ẹsẹ̀ bàtà 5,000, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: láti ibo? Ó lè jẹ́ láti orí ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó lè jẹ́ láti ojú òkun. Ó sì tún lè jẹ́ láti ibi tí agbára afẹ́fẹ́ ti jẹ́ iye kan tí gbogbo ayé fohùn ṣọ̀kan lé lórí. Bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bá ń ṣiṣẹ́ fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àṣìyé kò ní pẹ́ wọlé. Nítorí náà ni àbá fi wà pé kí a pe ti àkọ́kọ́ ní gíga-sílẹ̀, kí a pe èkejì ní gíga-sókun, kí a sì pe ẹ̀kẹta ní ìpele òfúrufú.

Ìdí tí ẹ̀kẹta fi wà ni pé òṣùwọ̀n-gíga tí ó wà níwájú awakọ̀ kì í wọn ilẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tẹ nǹkan ni ó ń wọ̀n. Bí ọkọ̀ ti ń gòkè ni ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ ń dínkù, ohun èlò náà a sì sọ àdínkù yìí di ẹsẹ̀ bàtà. Ṣùgbọ́n ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ kì í dúró sójú kan láti ọjọ́ dé ọjọ́. Nígbà tí ọkọ̀ bá wà nítòsí ilẹ̀, awakọ̀ a fi òṣùwọ̀n rẹ̀ sí iye ti agbègbè náà lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ó bá gòkè kọjá ààlà kan, a yí i sí 1013.25 hectopascal, bí gbogbo ọkọ̀ yòókù ti ṣe. Ní Amẹ́ríkà, ẹsẹ̀ bàtà 18,000 ni ààlà yìí. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ mìíràn, ó kéré sí bẹ́ẹ̀.

Ká ní ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ ọjọ́ náà jẹ́ 1003, tí ẹnìkan sì pe awakọ̀ sọ̀rọ̀ ní àkókò gan-an tí ó yẹ kí ó yí òṣùwọ̀n padà. Hectopascal kan tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 27 sí 30 nítòsí ojú òkun. Ọkọ̀ náà yóò wá fi nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 300 ga ju ìpele tí a yàn fún un lọ, bẹ́ẹ̀ òṣùwọ̀n ń sọ fún awakọ̀ pé ohun gbogbo wà létò. Ẹsẹ̀ bàtà 1,000 ni ó sábà máa ń wà láàrin ọkọ̀ kan àti èyí tí ó ń kọjá lókè rẹ̀. Ìdá mẹ́ta àlàfo náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ sí ìkan.

2. Ìyára àti òǹkà

Ọkọ̀ tí ó ń gun òkè ní ẹsẹ̀ bàtà 3,000 láàrin ìṣẹ́jú kan yóò rin 1,000 tí ó kù láàrin ìṣẹ́jú-àáyá 20. Láàrin ìṣẹ́jú-àáyá 6 péré, yóò ti kọjá ibi tí ó yẹ kí ó dúró pẹ̀lú 300. Lóòótọ́, ẹ̀rọ tí ń wa ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lè dúró sí gíga tí a bá kọ fún un. Ṣùgbọ́n òǹkà tí a kọ ni yóò tẹ̀ lé, ìbáà jẹ́ òǹkà àṣìgbọ́.

Níhìn-ín ni èdè ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a sábà ń lò lórí rédíò nínú ìrìn-àjò láàrin orílẹ̀-èdè. Nígbà tí a bá pe 10,000 àti 11,000 ní ẹyọ-ẹyọ ní èdè náà, oókan ni méjèèjì fi bẹ̀rẹ̀, ìparí ni wọ́n ti yàtọ̀, àwọn awakọ̀ sì ti ń ṣi ọ̀kan gbọ́ sí èkejì. Òǹkà Yorùbá ìbílẹ̀ náà ní ewu tirẹ̀, ní òdìkejì. Ẹgbàárùn-ún ni 10,000. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbàárùn-ún ni 9,000. Bí ariwo rédíò bá gbé ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kejì mì, 9,000 ti di 10,000 létí olùgbọ́. Ó sàn, nígbà náà, kí àlàyé ìmọ̀ yìí máa lo ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá, nítorí pé ìyàtọ̀ wọn hàn gbangba létí.

3. Ìpínyà-ọkàn yàtọ̀ sí àìbìkítà

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá ọdún 1972, ọkọ̀ Eastern Air Lines 401, irú Lockheed L-1011, ń ti New York bọ̀ ní Miami pẹ̀lú ènìyàn 176. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó balẹ̀, iná kékeré tí ó yẹ kí ó fi hàn pé ẹsẹ̀ iwájú ti jáde kò tàn. Wọ́n gòkè padà sí ẹsẹ̀ bàtà 2,000, wọ́n kọrí sórí irà Everglades, wọ́n gbé ọkọ̀ lé ẹ̀rọ lọ́wọ́, wọ́n sì dojú kọ gílóòbù náà. Ẹnìkan tilẹ̀ sọ̀kalẹ̀ sí abẹ́ yàrá láti lọ wo ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ó jọ pé ara awakọ̀ kan kan ọ̀pá ìdarí, ẹ̀rọ sì jáwọ́ nínú dídi gíga mú. Agogo ìkìlọ̀ dún. Kò sí ẹni tí ó kọbi ara sí i. Olùdarí rí 900 lójú rédà rẹ̀, ó béèrè bí nǹkan ṣe ń lọ sí, ṣùgbọ́n kò dárúkọ gíga. Òru ni, kò sí iná nísàlẹ̀. Ọkọ̀ já sínú irà. Ènìyàn 101 kú, 75 yè. Ẹsẹ̀ iwájú ti jáde láti ìbẹ̀rẹ̀. Gílóòbù nìkan ni ó ti jó.

Ìgbà tí ọkọ̀ fẹ́ balẹ̀ ni èyí ṣẹlẹ̀, síbẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀ kan ìgòkè pẹ̀lú. Kò sí ọ̀lẹ nínú yàrá náà. Gbogbo wọn ni ó fọkàn sí iṣẹ́, iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn sì fọkàn sí. Ìdí nìyí tí ìpínyà-ọkàn kò fi gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀kan pẹ̀lú àìbìkítà.

Ní ọdún 1981, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin pé nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 10,000, awakọ̀ kò gbọdọ̀ sọ tàbí ṣe ohun tí kò kan iṣẹ́ ọkọ̀. Orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì fún un, bí a bá tú u ní ẹyọ ọ̀rọ̀, yóò di ‘yàrá àgàn’, èyí tí kò ní ìtumọ̀. ‘Òfin ìpanumọ́’ náà kò tọ̀nà, nítorí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ pọn dandan. Òfin ọ̀rọ̀-iṣẹ́-nìkan ni ó bá a mu. Ṣùgbọ́n òfin yìí nìkan kì bá tí gba ọkọ̀ 401 là, nítorí gílóòbù náà jẹ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Pínpín iṣẹ́ ni oògùn rẹ̀: bí ẹnìkan bá ń wá ìdí àléébù, ẹnì kejì kò gbọdọ̀ ṣe ohun mìíràn ju kí ó máa wa ọkọ̀ kí ó sì máa ṣọ́ gíga. Bákan náà ni ó yẹ kí wọ́n ké ‘ó ku ẹgbẹ̀rún’ síra wọn kí wọ́n tó dé gíga tí a yàn.

4. Ìmọ̀ tàbí ìfura?

Awakọ̀ 401 mọ̀ pé 2,000 ni gíga àwọn. Ìmọ̀ kò wọ́n wọn. Ohun tí ó wọ́n wọn ni kí ojú máa padà síbẹ̀ léraléra. Yorùbá ti ní orúkọ fún èyí: ìfura, tí àwọn àgbà pè ní oògùn àgbà. Ìfura sí gíga ni ó yẹ kí a máa lò, kì í ṣe ìmọ̀ gíga. A kò sì gbọdọ̀ yọ ‘sí’ kúrò, nítorí ‘ìfura gíga’ lè túmọ̀ sí ìfura tí ó pọ̀.

Àkójọ àbá:
gíga-sílẹ̀: gíga ọkọ̀ láti orí ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀.
gíga-sókun: gíga ọkọ̀ láti ojú òkun.
ìpele òfúrufú: gíga tí a kà láti ibi tí ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ jẹ́ 1013.25.
òṣùwọ̀n-gíga: ohun èlò tí ń sọ ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ di gíga.
ìpínyà-ọkàn: kí iṣẹ́ kan gba ọkàn kúrò lára èyí tí ó ṣe pàtàkì jù.
òfin ọ̀rọ̀-iṣẹ́-nìkan: òfin tí ó lé ọ̀rọ̀ òde jáde nínú yàrá awakọ̀.
ìfura sí gíga: ṣíṣọ́ gíga láìdákẹ́, ohun yòówù kí ó ṣẹlẹ̀.