Ẹ múra kí ẹ tó lọ rí dókítà nítorí wárápá

Wárápá kì í ṣe èpè. Kì í ṣe iṣẹ́ àjẹ́. Àìsàn ọpọlọ ni. Itọ́ ẹni tí ó ń ṣe kì í ran ẹlòmíràn. Oògùn rẹ̀ sì wà. Nínú ènìyàn 10 tí ó ń ṣe, nǹkan bí 7 ni wárápá lè má gbé ṣubú mọ́, bí wọ́n bá ń lo oògùn tí ó yẹ lójoojúmọ́.

Nọ́ọ̀sì àdúgbò yín ni kí ẹ kọ́kọ́ rí. Ó lè kọ ìwé fún yín láti lọ rí dókítà ọpọlọ ní Kútọnu tàbí ní Parakou. Ọ̀nà jìn, owó ọkọ̀ sì pọ̀. Kí ìrìn yín má baà já sásán, ẹ múra.

Kí ni kí ẹ kọ sílẹ̀?

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, wárápá lè má mú aláìsàn níbẹ̀. Aláìsàn fúnra rẹ̀ kì í sábà rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ojú yín ni dókítà yóò fi ríran. Nígbàkúùgbà tí ó bá mú un, ẹ kọ:

1. Ọjọ́ àti wákàtí.
2. Ohun tí ó ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ṣé ó ń sùn? Ṣé ara rẹ̀ gbóná?
3. Ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ṣé apá kan ló ń gbọ̀n, àbí gbogbo ara?
4. Iye ìṣẹ́jú tí ó gbà.
5. Ohun tí ó tẹ̀ lé e. Ṣé ó tọ̀ sára? Ṣé ó gé ahọ́n jẹ?

Kí ni kí ẹ mú lọ?

Ẹ mú ìwé ìlera rẹ̀ àti gbogbo oògùn tí ó ń lò. Bí ó bá ń mu àgbo, ẹ má fi pamọ́. Ẹni tí ó rí i nígbà tí ó ṣubú ni kí ó bá a lọ.

Ẹ ṣọ́ra!

Ẹ má dá oògùn dúró kí ọjọ́ náà tó pé. Wárápá lè tipa bẹ́ẹ̀ le sí i.

Bí ó bá ṣubú, ẹ gbé e kúrò nítòsí iná àti omi. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀. Ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Bí ó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, tàbí tí òmíràn tún dé kí ó tó jí, ẹ má dúró de ọjọ́ dókítà. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ yín lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ìbéèrè

Ta ni ó ń ṣe wárápá ní abúlé yín? Ta ni yóò bá a kọ ìwé rẹ̀?