Atẹ́gùn Ló Ń Di Ìbòmú, Kì í Ṣe Okùn

Àwọn kan wà tí ọ̀nà ọ̀fun wọn máa ń pa dé bí wọ́n bá sùn. Wọ́n á máa hanrun, èémí á dá dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, wọ́n á wá ta jí gìrì. Oògùn oníhóró kọ́ ni dókítà sábà máa ń kọ fún irú wọn. Ẹ̀rọ kékeré kan ni, CPAP ni wọ́n ń pè é, ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ló ń wà. Ó ń fẹ́ atẹ́gùn gba inú rọ́bà gígùn lọ sínú ìbòmú, atẹ́gùn yẹn ló sì ń dá ọ̀fun sí kó má baà pa dé.

Ẹ̀rọ náà kì í sábà yọ èèyàn lẹ́nu. Ìbòmú ló ń lé wọn sá. Yóò máa jò sí wọn lójú, yóò dá àpá sí igi imú, nígbà tó bá yá, wọ́n á jù ú sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, àìsàn á sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé rọ́bà pẹlẹbẹ tó ń kan awọ ojú yẹn ṣe pàtàkì ju mọ́tò inú ẹ̀rọ lọ.

Colin Sullivan ló kọ́kọ́ dán ìtọ́jú yìí wò fún àìsàn yìí, ní ìlú Sydney ní Australia, lọ́dún 1980. Ṣáájú ìgbà náà, ẹni tí tirẹ̀ bá le, ihò ni wọ́n ń lu sí i lọ́rùn kó lè rí èémí mí. Lọ́dún 1981, Sullivan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìròyìn aláìsàn márùn-ún jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet. Ìbòmú àkọ́kọ́ kì í ṣe ohun tí a lè lọ rà lọ́jà. POP ni wọ́n fi ń tẹ àwòrán imú aláìsàn, wọ́n á ṣe ìbòmú tó bá imú ẹni yẹn nìkan mu, aláìsàn á sì máa fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ní alaalẹ́. Kì í jò, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò máa ṣí gọ́ọ̀mù kúrò lára láràárọ̀ títí ọjọ́ ayé rẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ìbòmú ń bá jà. Sẹ̀ǹtímítà omi ni wọ́n fi ń wọn agbára atẹ́gùn ẹ̀rọ yìí, láti 4 dé 20. Bó bá wà lórí 10, ibi kọ̀ọ̀kan nínú ìbòmú tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kan lóròó àti ní ìbú, gíráàmù 10 ni atẹ́gùn fi ń tì í. Ìbòmú tó bo imú àti ẹnu pọ̀ lè ní irú ibi bẹ́ẹ̀ 80. Gíráàmù 800 nìyẹn, tó ń fẹ́ gbé ìbòmú kúrò lójú láti alẹ́ dòwúrọ̀. Iṣẹ́ okùn ni láti dá a dúró.

Bí gíráàmù 800 yẹn bá pín káàkiri etí ìbòmú, awọ kò ní mọ̀ ọ́n lára tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ igi imú kò ní ẹran, awọ àti eegun ni. Ká ní ìdajì ẹrù náà, gíráàmù 400, wá bọ́ sórí ibi tí kò ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin onígun mẹ́rin lọ níbẹ̀, 100 ni sẹ̀ǹtímítà omi tó ń tẹ awọ yẹn. Lọ́dún 1930, Eugene Landis wọn agbára ẹ̀jẹ̀ nínú àwọn iṣan tíntìntín tó wà létí èékánná. Nǹkan bí 32 ló rí lórí òṣùwọ̀n tí dókítà fi ń wọn ìfúnpá. Bí a bá ṣírò rẹ̀ sí ti omi, ó tó 43. Kì í ṣe ara gbogbo èèyàn ló rí bákan náà, ṣùgbọ́n ohun tó bá tẹ awọ jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ọ̀pọ̀ wákàtí lè dí ẹ̀jẹ̀ lọ́nà. Pípọ́n ló máa ń kọ́kọ́ pọ́n, lẹ́yìn náà ni egbò.

Àlàfo tó wà láàárín 10 àti 43 yẹn ni gbogbo ọgbọ́n ẹni tó ń ṣe ìbòmú wà. Ìbòmú ní láti tẹ awọ ju agbára atẹ́gùn lọ díẹ̀ kó má baà jò, kó má sì dé ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń dúró.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà yanjú rẹ̀ wú mi lórí gan-an. Tìmùtìmù tó ń kan ojú ní ìpele méjì. Ti inú nípọn, òun ló ń gbé ẹrù okùn. Ti ìta tó kan awọ fẹ́lẹ́, wọ́n sì ká etí rẹ̀ wọnú. Bí ẹ bá gbé e sókè síná, ẹ ó máa rí òjìji ìka yín lódìkejì. Bí ẹ̀rọ bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, atẹ́gùn á wọ ẹ̀yìn ìpele fẹ́lẹ́ yìí, á tì í mọ́ gbogbo kọ̀rọ̀ ojú. Kò sẹ́ni tó ń fi okùn so tùúbù kẹ̀kẹ́ mọ́ táyà. Atẹ́gùn tí fọkanáísà fẹ́ sí i ló ń tì í mọ́ ọn. Bákan náà ni níbí. Bí agbára atẹ́gùn bá ga, ìbòmú á dì sí i. Ohun tí ì bá tú u ló wá ń dì í.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣi í ṣe. Bó bá jò, wọ́n á fún okùn. Bí okùn bá fún jù, ìpele fẹ́lẹ́ á rún mọ́ èyí tó nípọn, atẹ́gùn kò ní ráyè wọ ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́, á sì tún jò. Wọ́n á tún fún un sí i, igi imú á máa forí fá a. Ohun tó yẹ ni kí ẹ dùbúlẹ̀, kí ẹ tan ẹ̀rọ, kí ẹ rọra fa ìbòmú kúrò lójú díẹ̀ kí ìpele fẹ́lẹ́ lè kún, kí ẹ sì jẹ́ kó padà jókòó fúnra rẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni okùn. Ẹ fọ ojú kẹ́ ẹ tó sùn; òrí àti ìpara máa ń jẹ́ kó yọ̀.

Ojú kò dọ́gba ṣá. Ìbòmú tí wọ́n gé fún igi imú tó ga, bí ẹni tí tirẹ̀ kò ga bá wọ̀ ọ́, àlàfo á wà níbẹ̀, atẹ́gùn á sì máa gba ibẹ̀ lọ sójú. Kò yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa fi okùn jẹ ara rẹ̀ níyà. Kó béèrè ìwọ̀n mìíràn, tàbí irú èyí tó ń jókòó sẹ́nu ihò imú nìkan. Èyí kò kan igi imú rárá, inú rẹ̀ sì kéré, nítorí náà ẹrù tí okùn ń gbé kò tó nǹkan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè máa ta ihò imú àwọn mìíràn.

Ẹ má sì fi ohunkóhun dí àwọn ihò wẹ́wẹ́ tó wà lára ìbòmú. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ lu wọ́n ni, kí èémí tí a mí síta lè bá ibẹ̀ jáde, ká má baà tún un mí. Èyí tó bo imú àti ẹnu tún ní ilẹ̀kùn kékeré kan nítòsí ibi tí rọ́bà gígùn ti wọlé. Bí iná bá lọ lóru tí ẹ̀rọ dákẹ́, ilẹ̀kùn yìí á ṣí fúnra rẹ̀ kí aláìsàn lè máa mí atẹ́gùn yàrá. Lọ́dọ̀ tiwa tí iná kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, kí ẹ tó wọ̀ ọ́ lálẹ́, ẹ pa ẹ̀rọ kí ẹ wò bóyá ó ṣí, ẹ tan án kí ẹ wò bóyá ó pa dé. Bí itọ́ tàbí eruku bá ti lẹ̀ ẹ́ pa, ẹ má fi sùn.