"Nìkan" Ló Ba Ọ̀rọ̀ Jẹ́

Bí Yorùbá bá fẹ́ bá anìkànjọpọ́n wí, ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé "tara rẹ̀ nìkan ló mọ̀." Inú "nìkan" yẹn ni ẹ̀bi wà, nítorí kò sí ẹni tí kì í mọ tara rẹ̀. Àgbẹ̀ tí kò bá jẹun kò lè gbé ọkọ́, ẹni tí kò bá sì lè gbé ọkọ́ kò ní níṣu tí yóò fi ṣe àlejò. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé: ǹjẹ́ oore lè wà nínú ohun tí a ń ṣe fún àǹfààní ara wa?

Ẹ jẹ́ ká wo àáró. Ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, láti Òmù-Àrán dé Ìjàrà-Ìsin, iṣẹ́ ńlá ni ebè kíkọ jẹ́ fún ẹni tó ń gbin iṣu. Àwọn tó bá da àáró pọ̀ á ṣiṣẹ́ lóko ẹnì kan lónìí, lóko ẹlòmíràn lọ́jọ́ mìíràn, títí yóò fi kárí. Iṣẹ́ tí wọ́n bá ṣe fún ọ lo máa san padà. Àǹfààní ara ẹni ló kó wọn jọ, wọn kò sì fi bò. Síbẹ̀, ẹni tí àáró máa kàn gbẹ̀yìn ti lo agbára rẹ̀ lóko gbogbo ènìyàn kí tirẹ̀ tó kàn. Bákan náà ni ti ẹni tó máa kó èésú kẹ́yìn láàárín àwọn tó jọ ń dáwó. Bí àwọn tó ti gba tiwọn bá mọ tara wọn nìkan, àáró tú nìyẹn. Àǹfààní ló bí i, àmọ́ ìgbẹ́kẹ̀lé ló ń tọ́ ọ dàgbà. Lọ́dún 1776, Adam Smith, onímọ̀ ọrọ̀ ajé, kọ̀wé pé kì í ṣe inú rere alápatà ló ń fún wa lóúnjẹ, bí kò ṣe èrè tirẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n Smith yìí kan náà ti kọ ọ́ lọ́dún 1759 pé ire ọmọnìkejì jẹ ènìyàn lógún, kódà bí kò tilẹ̀ rí èrè kankan níbẹ̀ ju ayọ̀ lọ.

Àwọn kan á ní ayọ̀ yẹn gan-an ni èrè, pé ara ẹni la ń ṣoore fún. Joseph Butler, àlùfáà ìjọ Áńgílíkà, ti dáhùn èyí lọ́dún 1726. Inú ìyá ń dùn pé ọmọ rẹ̀ yó nítorí pé ó ti fẹ́ràn ọmọ náà ṣáájú. Bí kò bá fẹ́ràn rẹ̀, ibo ni ìdùnnú náà ìbá ti wá?

Àtakò tó wúwo jù ni ti arúgbó tí kò lágbára láti san àáró. Òótọ́ ni pé àáró kò lè gbà á. Ìdí nìyẹn tí ọ̀wẹ̀ fi wà: oníṣẹ́ á bẹ àwọn ènìyàn, á fún wọn lóúnjẹ, kò sì sí ẹni tí yóò ka ebè sí i lọ́rùn. Lóde òní, owó la fi ń gba lébìrà. Kò sí ibi nínú ìyẹn, àmọ́ lébìrà tí a ti sanwó fún kò retí wa lóko tirẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká tọ́jú ọ̀wẹ̀, nítorí àwọn tí kò lówó, tí kò sì lágbára mọ́. Kí olúkúlùkù mọ tara rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó yọ "nìkan" kúrò níbẹ̀.